Ọmọ Ọlọ́mọ Kọ́ Ló Ń Jí Iná Inú Bọ́ọ̀sì

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà ìlú Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ bọ́ọ̀sì alágbo. Gbohùngbohùn méjì á wà lórí rẹ̀, ọ̀kan á kọjú síwájú, èkejì á kọjú sẹ́yìn. Ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo ibà, ọṣẹ dúdú àti òróró ìpara á tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan á di ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ mú, á máa pòwe, á máa dápàárá, á máa bú jẹ̀díjẹ̀dí bí ẹni tó ń bú onígbèsè. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé bí ọjà bá tú, bọ́ọ̀sì yẹn náà ni ilé. Ibẹ̀ ni alágbo ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ rédíò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fi ń gbafẹ́ kiri. Wọ́n á gbé ibùsùn, fáànù àti fìríìjì sínú rẹ̀. Tiwọn fún fàájì ni, ti alágbo fún àtijẹ ni. Ṣùgbọ́n ìyọnu kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì fínra: iná tó wà nínú bátìrì lánàá, níbo ló gbà lọ mọ́jú?

Ọ̀kan nínú àwọn alágbo bẹ́ẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún 55. Bàbá Alágbo ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bó bá wà l'Ákẹ̀sán lónìí, á wà ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Gbohùngbohùn méjì ló wà lórí bọ́ọ̀sì rẹ̀, ampilifáyà wà nínú, gílóòbù méjì wà, fáànù kékeré kan wà. Ó tún ra ìnfẹ́tà kan, ìyẹn àpótí tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tó ń wọlé wa, ó sì fi ń tan tẹlifíṣàn kékeré tó fi ń fa èrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọkùnrin ọdún 17, ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ló ń gba owó, òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń so wáyà gbohùngbohùn.

Tẹ́lẹ̀, Bàbá Alágbo kì í pa mọ́tò lọ́jà. Bó bá ti ń polówó ni ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì ń gbà bó ṣe ń ná. Ìgbà tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà. Ta ló fẹ́ fi irú epo bẹ́ẹ̀ polówó àgbo? Bàbá Alágbo bẹ̀rẹ̀ sí í pa mọ́tò bó bá ti dúró. Ṣùgbọ́n kò pa ampilifáyà, kò pa tẹlifíṣàn, kò sì dín ọ̀rọ̀ kù.

Kò pẹ́ tí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóró. Láàárọ̀, bó bá yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò á kérora, á dákẹ́. Wọ́n á tì í, wọ́n á làágùn. Bátìrì tuntun tó rà ní oṣù kejì ọdún 2024 kú ní oṣù kẹfà. Ó ra òmíràn. Owó tó fi ra kejì yìí, owó tí ìyàwó rẹ̀ dá ní àjọ ni, tí wọ́n fẹ́ fi san owó ìdánwò àṣejáde ọmọ wọn obìnrin. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn ní, "Bàbá, ó dọwọ́ yín o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí jókòó sílé."

Ni Bàbá Alágbo bá gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn fi iná sí i. Ìyẹn wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, bátìrì yìí ò ní nǹkan kan. Àfi bí ẹnìkan bá ń fa iná yín lóru."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Lóru ọjọ́ náà gan-an, ó jí, ó rí fóònù mẹ́ta tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so mọ́ iná. Kì í ṣe tirẹ̀, ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá Alágbo kò sọ nǹkan kan lóru. Ọjọ́ kejì, l'Ákẹ̀sán, tí èrò pé bìbà, ló gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Akẹ̀sán, ẹ bá mi wojú ọmọ yìí! Ọmọ tí mò ń bọ́, òun ló ń jí iná bátìrì mi tà! Olè inú ilé ni!"

Gbogbo ọjà yíjú. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, mi ò tà á o. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná." Ẹnìkan kò gbọ́ ọ, nítorí gbohùngbohùn ló wà lẹ́nu ẹni tó ń bú u. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó rìn lọ sí gáréèjì Owódé, ó wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá ìyá rẹ̀.

Olè lọ, iná kò dé

Bàbá Alágbo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Olè ti lọ, bátìrì á wá gbádùn. Ẹ wo nǹkan! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ọmọ lọ, bátìrì kejì ti ń kú lójoojúmọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó kọṣẹ́. Báyìí, òwúrọ̀ kan kì í jẹ́ kó gbádùn. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Ta ló wá ń jí i báyìí?" Kò rí èsì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ó kúrò l'Ọ̀yọ́, ó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó lè bá ọjà òwúrọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà àtijọ́ yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà eré. Ó lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà, títì kan ṣoṣo ni lílọ àti bíbọ̀ ń pín. Tírélà tó ń bọ̀ láti òkè Ọya ń bẹ níbẹ̀, ti Èkó tó ń lọ ń bẹ níbẹ̀, kòtò sì wà láàárín wọn. Ọdún gbọọrọ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi ké sí ìjọba pé kí wọ́n parí ọ̀nà oníbejì tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹ̀mí tó ti bọ́ sójú ọ̀nà náà kò kéré.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Alágbo tan iná iwájú, ó tan èyí tó ń nu gíláàsì. Bó ti ń lọ, ó ṣàkíyèsí pé iná iwájú ń pọ́n, ó ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Èyí tó ń nu gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Kó tó dé Odò Ọbà, ẹ́ńjìnnì kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ohun gbogbo ṣú biribiri. Kò sí iná iwájú, kò sí iná ẹ̀yìn, kò sí èyí tó ń ṣẹ́jú láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.

Ó sọ̀kalẹ̀ nínú òjò, ó ya ewé igbó, ó lọ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣe. Bó ti ń padà bọ̀ ni tírélà kan yọ láti ẹ̀yìn. Dírẹ́bà rẹ̀ rí ewé nígbà tó ti fẹ́ẹ̀ dé orí rẹ̀. Ó fọn fèrè, ó yà bàrà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá Bàbá Alágbo sínú kòtò. Ó jókòó síbẹ̀, kò lè dìde. Kì í ṣe pé ó fara pa. Ẹ̀rù ló dè é mọ́lẹ̀. Inú igbó, lábẹ́ agboòrùn, ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí kò lè sùn nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná

Ilẹ̀ mọ́, oníbọ́ọ̀sì kan fi okùn fà á wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n júwe ríwáyà kan fún un ní agbègbè Tákìẹ́, ẹni bí ogójì ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá bátìrì. Èyí ló máa ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún yìí."

Ríwáyà ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Mi ò ní tà bátìrì fún yín."

"Kí ló dé? Ṣé owó mi ò dáa ni?"

"Owó yín dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ti sin méjì, ẹ ò tíì bi wọ́n ní ohun tó pa wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná."

Ó mú mítà kan jáde, kékeré báyìí, tó ní wáyà pupa àti dúdú. Ó fi kan orí bátìrì méjèèjì. Nọ́ńbà yọ: 11.6. Ó wá ṣàlàyé fún Bàbá Alágbo bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní Àlífábẹ́ẹ̀tì. Ó ní bátìrì mọ́tò tí a ń pè ní fóòtì 12, bó bá kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, 12.6 ló máa ń kọ. Bó bá kọ 12.2, ó ti ku ìdajì. Bó bá ti wá sí 11.8, ó ti tán nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gílóòbù ṣì lè máa tàn. Ó ní àṣìṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: wọ́n rò pé títí iná á fi kú ni bátìrì fi wà láàyè. Bátìrì olójé tí wọ́n bá ń fi sílẹ̀ lófìfo, èérún funfun ló ń dì mọ́ òjé inú rẹ̀. Bó bá dì pẹ́, kò ní gba iná mọ́. Ó ní, "Kò dára kéèyàn ná ju ìdajì lọ kó tó dá a padà. Àpò àjọ ni. Ohun tẹ́ ẹ ò dá sí i, ẹ ò lè kó o."

Ó wá yá bátìrì mìíràn láti fi ṣíná sí mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí Bàbá Alágbo tan iná iwájú. Lẹ́yìn náà, ó fi mítà kan ẹ̀rọ tó ń pèsè iná lára ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní altánétọ̀. Ó kọ 14.2. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Láàárín 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà." Ó gbé mítà padà sórí bátìrì. Ó kọ 12.3.

Bàbá Alágbo wò ó. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà ni?"

"Ẹ̀rọ kan náà ni, Bàbá. 14.2 jáde nílé, 12.3 ló dé ọjà. Fóòtì tó fẹ́ẹ̀ tó méjì ti bọ́ sọ́nà. Ibi tó bọ́ sí la fẹ́ wá."

Ó fi ẹsẹ̀ mítà kan sí ibi tí iná ti ń jáde lára altánétọ̀, ó fi èkejì sí orí bátìrì tó jẹ́ pupa. Mítà kọ 1.7. Ó ní bí wáyà bá dáa, nọ́ńbà yẹn kò yẹ kó ju ìdá díẹ̀ nínú fóòtì kan lọ. Ó tẹ̀ lé wáyà náà títí ó fi dé ibì kan lábẹ́ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Ó ní kí Bàbá Alágbo fọwọ́ kàn án. Bàbá Alágbo kàn án, ó fa ọwọ́ yọ kíá. Ó gbóná.

Ríwáyà gé téèpù. Wáyà méjì ni ẹnìkan fi pláyà lọ́ mọ́ra lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà, wáyà kan sanra, èkejì tín-ín-rín, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti bo gbogbo rẹ̀. Bàbá Alágbo rántí. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà Ìsẹ́yìn, tí ẹnìkan sì "bá a so ó" kíákíá. Ó ti fún un ní owó, ó ti súre fún un, ó ti gbàgbé.

Ríwáyà ní, "Iná tó yẹ kó wọ bátìrì ló ń di ooru níbí. Bàbá, ẹ ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń fi bẹntiróòlù yáná. Ẹ tilẹ̀ dúpẹ́. Ibi tó ń gbóná báyìí lè jó mọ́tò yín kanlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe eré létí ará Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó ń ná Akẹ̀sán tó gbàgbé bí iná ṣe jó ọjà náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, kí ìjọba tó tún un kọ́. Bàbá Alágbo káwọ́ lérí.

Olè kejì

Bàbá Alágbo rò pé ó ti parí. Ríwáyà ní ó ku kan. Ó ní wáyà burúkú sọ ìdí tí bátìrì kò fi kún, kò sọ ìdí tó fi ń tán lóru tí mọ́tò wà ní pípa. Ó pa mọ́tò, ó pa gbogbo iná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, ó yí mítà sí ibi tí wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn, ó wá fi mítà sáàárín wáyà àti bátìrì. Ó kìlọ̀ pé bí mítà bá wà báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣíná sí mọ́tò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mítà á jó. Nọ́ńbà yọ: áńpíà 1.2.

Ó ní, "Gbogbo nǹkan ló wà ní pípa, àbí? Ta ló wá ń mu áńpíà kan àti díẹ̀ yìí?"

Ó ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ti rédíò, nọ́ńbà kò mì. Ó yọ ti gílóòbù, kò mì. Ó yọ ti ampilifáyà, kò mì. Ó wá yọ ti ìnfẹ́tà. Nọ́ńbà já wálẹ̀ sí 0.04.

Ni wọ́n bá gbé ibùsùn sókè. Ìnfẹ́tà wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí Bàbá Alágbo fúnra rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sí kí olè má bàa rí i. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń tàn lára rẹ̀. Ìnfẹ́tà tí wọn kò bá pa, bí kò tilẹ̀ tan tẹlifíṣàn, ń jẹun. Áńpíà 1.2 ní wákàtí mẹ́wàá jẹ́ 12. Bátìrì náà, 75 ni wọ́n kọ sí i lára. Ìdajì rẹ̀ tó ṣeé ná láìpa á lára kò ju 37.5 lọ. Nítorí náà, ní òru kọ̀ọ̀kan, ìnfẹ́tà tó sùn sábẹ́ ibùsùn ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí Bàbá Alágbo ní láti ná. Fóònù mẹ́ta ńkọ́? Ríwáyà ṣírò rẹ̀: gbogbo wọn, bí wọ́n tiẹ̀ ti kú pátápátá, kò ní gbà ju 4 tàbí 5 lọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá Alágbo dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó bèèrè pé, "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi wá burú sí i lẹ́yìn tí ọmọ yẹn lọ?"

"Ọmọ wo?"

Ó wá rò gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, tòun ti Akẹ̀sán, tòun ti gbohùngbohùn. Ríwáyà gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí o, ọmọdé ni mí sí yín. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín, ìlú Ṣàngó. Ẹ̀yin gan-an lẹ yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa iná. Ṣùgbọ́n tiwa náà nìyí: ẹ mọ ìtàn bí ìlú wa ṣe jẹ́ orúkọ. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló ń da ìlú láàmú, orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ náà ni wọ́n gbé. Wọn ò gbé orí aládùúgbò. Ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu ni kẹ́ ẹ wá rí, ẹ má bẹ́ orí ọmọ ọlọ́mọ."

Ẹnu tó sọ ọ́ ni kó kó o

Ríwáyà fa wáyà tuntun tó sanra láti altánétọ̀ dé bátìrì, ó fi ojúlówó ìdè dè é lẹ́nu méjèèjì, ó fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì. Ó fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì, ó fi sáńpépà ha á, ó fi gíríìsì pa á. Ó fi iná sí bátìrì náà díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn tó ti sinmi, ó kọ 12.5. Ó ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti dín kù nítorí ìyà tó ti jẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì lè sìn ín. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó bátìrì tuntun.

Láti ibẹ̀, Bàbá Alágbo wa mọ́tò lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń yan gàrí lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ro ẹjọ́, ó jẹ̀bi. Ìyá náà kò dá iṣẹ́ dúró. Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde.

Bàbá Alágbo bi í pé, "Ìnfẹ́tà abẹ́ ibùsùn yẹn, ṣé o mọ̀ nípa rẹ̀?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Mo mọ̀, Bàbá. Mo máa ń yọ ọ́ lálẹ́ bẹ́ ẹ bá ti sùn. Iná rẹ̀ máa ń tàn sí mi lójú. Ìgbà mìíràn mo máa ń gbàgbé. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò gbọ́."

Ohun tó fà á nìyẹn. Ẹni tó pè ní olè ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ bátìrì. Ó lé ọlọ́dẹ lọ, ó wá ń ṣe kàyéfì pé ilé ń kó.

Bàbá Alágbo ní, "Má bínú sí mi, ọmọ mi." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá náà gbé igbá gàrí kalẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó o fi gbohùngbohùn sọ lójú ọjà, ṣé inú àgbàlá mi lo fẹ́ ti fi ẹnu lásán kó o?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Alágbo mú ọmọ náà padà sí Akẹ̀sán, ó dúró sí ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà. Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò pòwe, kò dápàárá. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Akẹ̀sán, ọmọ yìí kì í ṣe olè. Èmi ni mi ò wò ó dáadáa. Wáyà mi ló bàjẹ́, èmi ni mi ò pa ẹ̀rọ mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá aláta kan ní, "Ó káre, Bàbá Alágbo. Àgbà tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀." Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn nu ojú, ó lọ so wáyà gbohùngbohùn kejì tó ti já.

Bàbá Alágbo rò pé ọmọ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ríwáyà Tákìẹ́ ti ránṣẹ́ pé ọmọ tó lè rí iná kékeré abẹ́ ibùsùn, kí wọ́n mú un wá kọ́ṣẹ́. Ìyá rẹ̀ gbà. Bàbá Alágbo náà gbà, bó tilẹ̀ dùn ún, nítorí kò sí ẹni tó ń bá a fọ ìgò mọ́. Òun ló ra mítà àkọ́kọ́ fún ọmọ náà. Owó ìdánwò ọmọbìnrin rẹ̀, nítorí pé kò ra bátìrì kẹta, ó rí i san.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, tàbí ìnfẹ́tà nílé, tàbí pánẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé, ẹ fi ti Bàbá Alágbo kọ́gbọ́n. Bí bátìrì bá kú, ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ má tíì na owó jáde. Ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi í. Àkọ́kọ́, ṣé ó kún? Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Èkejì, ṣé ohun tó ń jáde lára ẹ̀rọ ló ń dé orí bátìrì? Ẹ wọ̀n ọ́n níbi méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tọ́ wáyà wò, nítorí ibi tó bá ń gbóná ló ń jẹ yín lówó. Ẹ̀kẹta, kí ló ń jẹun nígbà tí gbogbo yín bá sùn? Ẹ yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ á rí i. Mítà tó ń ṣe gbogbo èyí kò wọ́n tó bátìrì, kò sì wọ́n tó ẹ̀mí.

Ní báyìí, mítà kékeré kan wà níwájú Bàbá Alágbo nínú bọ́ọ̀sì, tó ń tan nọ́ńbà pupa. Ìwé ọmọléèwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń kọ nọ́ńbà sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ọjà bá tú, tó tẹ́ ibùsùn, ó máa ń pe Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ó kọ 12.4 lálẹ́ yìí o."

"Ó dáa, Bàbá. Ṣé ẹ ti pa ìnfẹ́tà?"

Á gbé ibùsùn sókè, á wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mo ti pa á, ọmọ mi. Ó dàárọ̀."